Orúkọ Dókítà Tí A Kọ Lódì

Ilé Kejìdínlógún,
Ardwick,
Manchester.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlá,
oṣù Karùn-ún, ọdún 2025.

Bọ́lánlé ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n to ohun tó ti bàjẹ́ sílẹ̀ fún ọ, nítorí bí mo bá fi ìkíni ṣíwájú, o lè ka ìkíni tán kí o ká lẹ́tà náà pọ̀, kí o fi í sábẹ́ ife tíì. Mo mọ̀ ọ́.

Èkíní, ọjọ́ Àbámẹ́ta mẹ́rin gbáko ni ilẹ̀kùn yàrá sikáànù wa ní gbọ̀ngàn ìjọ ní Ardwick ti wà ní títì. Ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun bò ó. Èkejì, Dókítà Fọláyọ̀, tó ti ń fi ẹ̀rọ yẹn wo inú àwọn obìnrin wa lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún mẹ́rin, ni kọmití ní kí ó lọ jókòó sílé ná, pé iṣẹ́ tó ń ṣe kò pọ̀ tó, pé owó tó ń gbà sì ti pọ̀ jù. Ẹ̀kẹta, ẹ̀rí tí wọ́n dì mú ni tábìlì orúkọ àti nọ́ńbà kan tí èmi Ọmọ́táyọ̀ fi ọwọ́ ara mi ṣe lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀kẹrin, tábìlì náà kò tọ̀nà. Ẹ̀karùn-ún, obìnrin mẹ́rìnlélógún ló wà nínú ìwé àwọn tó ń dúró, Mọ́láyọ̀ sì ni ẹnì kẹta nínú wọn.

Àwọn tó mọ̀ pé kò tọ̀nà nìyí. Èmi mọ̀. Dókítà mọ̀. Ìwọ mọ̀, o sì ti mọ̀ kí èmi tó mọ̀.

Ó yá, mo kí ọ wàyí. Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, Bùọ̀dá Adémiládé, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀? Tèmi ọmọ wa ńkọ́, ṣé ó ń kàwé fún ìdánwò rẹ̀ àbí fóònù ló ń kà? Màmá ní Abẹ́òkúta ńkọ́, ṣé oògùn ojú tí mo fi rán wọn ti dé ọwọ́ wọn? Ẹ kú ojú ọjọ́ yìí o, òòrùn ọjọ́ méjì, òjò ọjọ́ márùn-ún. Mo mọ̀ pé ìkíni ló yẹ kó ṣíwájú kí ọ̀ràn tẹ̀ lé e. Mo kọ ọ́ lódì. Àwa méjèèjì mọ ohun mìíràn tí a ti kọ lódì rí, ibẹ̀ gan-an ni mo ń bọ̀.

O lè máa béèrè ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà bí ẹni tó wà ní ilé ìwé girama. Ìgbà mọ́kànlá ni mo pè ọ́. Wásáàpù fi àmì búlúù méjì hàn mí pé o ti ka gbogbo ohun tí mo kọ, o ò sì dáhùn ẹyọ kan. Lẹ́tà kò ní àmì búlúù, ṣùgbọ́n ó gbé ohun kan dání tí fóònù kò lè gbé. Wàá rí i bí o bá kà á dé ìsàlẹ̀.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ara mi, kí o má baà rò pé ìwọ nìkan ni mo jókòó láti bá wí.

Ní oṣù Kẹta ni àjọ aláàánú kan ránṣẹ́ sí wa pé àwọn lè fún wa ní ẹ̀rọ kejì, èyí tó jẹ́ tuntun, tí àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere. Jordan, ọ̀dọ́mọkùnrin òyìnbó tó ń ṣojú wọn, béèrè ohun kan ṣoṣo: kí a fi hàn pé dókítà tí yóò máa lò ó ní ìrírí tó tó. Ìbéèrè gidi ni. Alàgbà Ṣẹ̀san, alága kọmití wa, ní kí a kọ̀wé sí ilé ìwòsàn ńlá tí Dókítà ti ń ṣiṣẹ́. O mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Mo ní, kí la ó tún máa kọ̀wé sí fún, tí wọn yóò fi oṣù méjì ronú lórí rẹ̀? Mo ní ojú ìwé kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ṣí sílẹ̀ fún tọmọdé tàgbà, tí ẹnikẹ́ni lè tẹ orúkọ dókítà sí, kí ó rí irú iṣẹ́ tí wọ́n sanwó rẹ̀ fún un láàárín ọdún kan, iye ìgbà tó ṣe é àti iye tí wọ́n san. Mo ní, èmi tí mo lọ sí ilé ìwé ìṣòwò, tí mo ń to ẹrù ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ lójoojúmọ́ ní Trafford Park, kí ni tábìlì dókítà mẹ́ta jẹ́ lójú mi?

Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kan, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin. Mo tẹ Fọláyọ̀ sí ibi tí wọ́n ní kí n tẹ orúkọ bàbá sí. O. Fọláyọ̀ ló jáde, O fún Olúwadámiláre, orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Sikáànù méjìdínlógójì péré ní odidi ọdún kan, owó orí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àwọn dókítà méjì tí mo fi wé e. Ó yà mí lẹ́nu díẹ̀. Ó yẹ kó yà mí lẹ́nu gan-an. Ọkùnrin tí mo ti fi ojú mi rí tó wo obìnrin mẹ́jọ láàárọ̀ ọjọ́ kan ní Ardwick, báwo ni yóò ṣe wo méjìdínlógójì lọ́dún? Olùkọ́ kan kọ́ wa ní ilé ìwé ìṣòwò pé bí nọ́ńbà bá ń bá ojú rẹ jà, má tíì dá nọ́ńbà láre. Mo gba máàkì tó dára nínú iṣẹ́ olùkọ́ yẹn. Lọ́jọ́ tó yẹ kí n lò ó, mo gbàgbé. Mo gbé tábìlì náà sójú Wásáàpù kọmití, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ wò ó, iṣẹ́ oṣù méjì, wákàtí kan ni mo fi ṣe é." Mo ń fọ́nnu ni.

N kò tíì mu tíì mi tán tí Olúwagbénga ti fèsì. O mọ Gbénga, akápò wa, ẹni tí ẹnu rẹ̀ máa ń ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé. Ó ní, "Àṣé Dókítà Èjìdínlógójì la ní." Orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọkùnrin ọlọ́kùnrin. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń bi ẹnì kejì rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá sikáànù pé, ṣé Èjìdínlógójì ló wà nínú lónìí? Èkejì ní, "Òun ni o. Àfi ká kọ́kọ́ gbàdúrà kó tó fọwọ́ kan ikùn èèyàn." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀kùn kò pa dé. Dókítà wà nínú, ó ń nu ojú ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró díẹ̀ kó tó máa nù ún lọ. Ó gbọ́.

Láti ibẹ̀ ló ti di ọ̀rọ̀ owó. Wọ́n ní ẹni tó ń gba owó ńlá lórí iṣẹ́ kékeré, kí ló ń wá lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbọ̀ngàn wa bí kò ṣe pé ó ń fi àwọn obìnrin wa kọ́ṣẹ́? Bí Dókítà Fọláyọ̀ ṣe di ọmọ iṣẹ́ nìyẹn. Ọkùnrin tí bàbá rẹ̀ ti ń gbé Manchester láti ìgbà òmìnira, tí ìdajì àwọn tó ń bú u kọ́kọ́ sùn sí pálọ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n dé. Kọmití jókòó, wọ́n ní kó dúró sílé ná.

Ìgbà yẹn ni mo pè ọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, o ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbi iṣẹ́ ní Bolton, mo ń gbọ́ ariwo bọ́ọ̀sì lẹ́yìn rẹ. Mo ń ṣàròyé, mo ka orúkọ náà fún ọ bó ṣe jáde, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀. O ní kí n tún un kà. Lẹ́yìn náà lo ní, "Ọmọ́táyọ̀, tẹ̀ ẹ́ lódì." Mo ní kí ni mo fẹ́ tẹ̀ lódì? O ní, "Fi Olúwadámiláre ṣe orúkọ bàbá, kí o wò ó."

Mo tẹ̀ ẹ́. F. Olúwadámiláre. Sikáànù 2,140 láàárín ọdún kan náà, gbogbo rẹ̀ iṣẹ́ àfikún tó ń ṣe fún ilé ìwòsàn ńlá, owó orí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì kéré sí ti àwọn dókítà méjì yòókù. Ọkùnrin kan náà. Àwọn méjìdínlógójì tí mo kọ́kọ́ rí jẹ́ àwọn aláìsàn tó ń sanwó fúnra wọn ní ilé ìwòsàn aládàáni kan, níbi tí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ọ̀ràn tó ta kókó ni wọ́n máa ń gbé wá bá a níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí owó wọn fi ga.

O wá sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi. Ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, nígbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Abẹ́òkúta dé, o wà ní ọ́fíìsì ìsanwó ilé ìwòsàn ńlá náà, wọ́n ṣì ń dán ọ wò fún oṣù mẹ́fà. Ìwọ lo fi ọwọ́ ara rẹ tẹ orúkọ Dókítà wọlé. O kọ ọ́ bí olùkọ́ ṣe máa ń pe orúkọ wa láàárọ̀ ní kíláàsì, orúkọ bàbá ṣíwájú, tiwa tẹ̀ lé e: Fọláyọ̀ Olúwadámiláre. Òyìnbó ka èyí tó ṣíwájú sí orúkọ ọmọ, ó ka èyí tó gbẹ̀yìn sí orúkọ bàbá. Ta ni ì bá mọ̀ níbẹ̀? Ẹni tó bá ń jẹ́ Albert, tí a gbé orúkọ rẹ̀ lódì, òyìnbó á fura. Ṣùgbọ́n Fọláyọ̀ lè jẹ́ orúkọ ọmọ, ó lè jẹ́ ti bàbá. Bẹ́ẹ̀ náà ni Olúwadámiláre. Àwa nìkan la lè ṣe irú àṣìṣe yẹn, àwa nìkan náà la sì lè tú u. N kò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún méjì gbáko ni báńkì fi ń kọ̀wé sí "Ìyáàfin Ọmọ́táyọ̀" ní ilé mi, nítorí bí mo ṣe kọ fọ́ọ̀mù lọ́jọ́ tí mo dé.

Ohun tó kù nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. O ní nígbà tí Dókítà rí ìwé owó rẹ̀ àkọ́kọ́, ó wá sí ọ́fíìsì yín láti ní kí wọ́n tún un ṣe, o sì bẹ̀ ẹ́. O ní bí ọ̀gá rẹ bá gbọ́, wọn ò ní gbà ọ́ síṣẹ́, bí wọn ò bá gbà ọ́ síṣẹ́, ìwé ìgbélùú rẹ ti parí nìyẹn. Ọkùnrin náà wò ọ́. Ó ní, "Orúkọ mi náà ni méjèèjì. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀." Ó yí padà, ó lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń jẹ́ orúkọ tó kọjú sẹ́yìn lórí ìwé owó rẹ̀, nítorí rẹ.

O wá ní kí n búra pé n kò ní sọ. Mo búra. Ìwà òmùgọ̀ ni, ṣùgbọ́n mo búra.

Mo lọ bẹ Dókítà nílé rẹ̀. Mo bá a níbi tó ti ń gé koríko, tó wọ bàtà òjò. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo ṣe tábìlì yẹn, n kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ó pa ẹ̀rọ koríko, ó ní òun ti mọ̀, torí pé èmi nìkan ni mo lè fi àwọ̀ mẹ́rin kun tábìlì ìlà mẹ́ta. Ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo ní kó sọ fún kọmití bí orúkọ náà ṣe yí. Ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó ṣe é ti ní ilé, ó ti ní ọmọ. Kí ni màá tún wá gbé e síta fún?" Kò mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́. Mo dúró nínú koríko yẹn, ahọ́n mi ń yún mi, mo sì gbé e mì nítorí ìbúra rẹ. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ bó ṣe rí lára mi: ó ń dáàbò bò ọ́, ìwọ sì ń dáàbò bo ara rẹ. Ta ló wá ń dáàbò bò ó?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń bẹ Alàgbà Ṣẹ̀san kí wọ́n tó pe ìpàdé. Wọ́n ní Àjíǹde ni. Wọ́n ní ìsinmi òṣìṣẹ́ ni. Wọ́n ní akọ̀wé rìnrìn àjò. Ìpàdé wáyé lánàá. Mo dìde, mo ní tábìlì mi kò tọ̀nà, pé ẹnì kan ṣoṣo ló ni orúkọ méjèèjì. Gbénga ní, "Àǹtí, lóṣù tó kọjá ẹ ní méjìdínlógójì. Lónìí ẹ ní ẹgbàá ó lé. Ṣé ká dúró de ti oṣù tó ń bọ̀ ni, bóyá yóò di mílíọ̀nù?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, Gbénga, kí ni wọ́n ń pè ọ́ níbi iṣẹ́? Mo ní ṣé kì í ṣe Ben ni? Bí mo bá tẹ Ben sórí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́la tí n kò rí Olúwagbénga níbẹ̀, ṣé kí n kéde pé o kò níṣẹ́ lọ́wọ́? Ẹ̀rín náà kọjá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó sì jókòó.

Alàgbà fi ọwọ́ lu tábìlì iwájú wọn. Wọ́n ní, "Ọmọ́táyọ̀, ìwọ lo dáná. Má wáá sọ pé èéfín ń bọ́ sí ọ lójú." Wọ́n ní Fọláyọ̀ pọ̀ nílùú yìí, Dámiláre náà kò wọ́n, ta ló wá fẹ́ búra pé ẹnì kan ni wọ́n? Mo ní ẹ bi òun fúnra rẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún. Dókítà dìde. Ó ní, "Orúkọ mi náà ni méjèèjì." Alàgbà bi í pé ta ló wá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bọ́lánlé, ọkùnrin yẹn wo ojú fèrèsé. Ó ní, "Ó ti pẹ́, sà. N kò rántí mọ́."

Ó rántí.

Wọ́n ní ẹlẹ́jọ́ kì í ṣe ẹlẹ́rìí ara rẹ̀, pé èmi tí mo ṣe tábìlì kò sì lè tún jẹ́ ẹlẹ́rìí. Kí a mú ẹlòmíràn tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀ wá, tàbí kí a mú lẹ́tà wá láti ilé ìwòsàn. Mo ti kọ̀wé sí ilé ìwòsàn ná. Ogójì ọjọ́ iṣẹ́ ni wọ́n dá fún mi, ìyẹn ti wọ oṣù Keje. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, agogo mẹ́ta ọ̀sán, ni kọmití yóò dìbò, bóyá kí Dókítà padà, bóyá kí a ti yàrá náà pa pátápátá. Jordan sì ní bí ẹ̀rí kò bá dé ọwọ́ òun láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ̀rọ kejì yóò lọ sí ìlú mìíràn.

Nígbà tí à ń jáde, Màmá Roseline, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ wa, fà mí sí kọ̀rọ̀. Wọ́n ní ṣé o rí ohun tí o fà? Wọ́n ní a kì í ṣojú oníka mẹ́sàn-án kà á, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń ka owó ọkùnrin ní gbangba. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, ṣùgbọ́n n kò gbà fún wọn. Mo ní, mà, kíkà kọ́ ló burú. Owó ìlú ni, ara wa ni wọ́n ń fọwọ́ kàn, ó yẹ ká lè kà á. Bí dókítà mìíràn bá dé lọ́la, màá kà á. Ohun tí mo ṣe tó burú ni pé mo ka ìka ọwọ́ kan, mo wá kéde pé ọkùnrin náà kò ní ọwọ́ kejì.

Mo sì ti ronú lé e lórí sí i. Ìwé owó ń sọ iye ìgbà tí wọ́n sanwó, kò lè sọ bóyá ohun tí dókítà rí nínú àwòrán ló wà nínú ara lóòótọ́. Ká tiẹ̀ ní mo kọ orúkọ rẹ̀ bó ṣe yẹ, ìdajì ọ̀rọ̀ ni ì bá jẹ́. Mo ṣí ìwé ìforúkọsílẹ̀ tiwa ní gbọ̀ngàn. Obìnrin 611 ló ti dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn yẹn láti ọdún mẹ́rin. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, torí ọkùnrin náà kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kì í ní rìsíìtì. Ìwọ ni ẹnì kẹrìndínlógún nínú ìwé náà, ọ̀rẹ́ mi. Orúkọ bàbá ọkọ rẹ lo fi ṣíwájú.

Kí n wá sọ ti Mọ́láyọ̀, tí ìwọ fúnra rẹ mú wá sí ìjọ wa. Ó ń to páálí nílé ẹrù ní Trafford Park, wákàtí méjìlá lórí ìdúró. Ikùn rẹ̀ ti wú. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dá mọ́ bó ṣe yẹ. Aṣọ ìpààrọ̀ méjì ló ń gbé lọ síbi iṣẹ́ nínú báàgì rẹ̀. Dókítà àdúgbò ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún sikáànù, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹjọ ni wọ́n dá fún un. Ó lè jẹ́ ìjù tó ń hù nínú ilé ọmọ. Ó lè má jẹ́ ìjù. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀, nítorí ẹnikẹ́ni kò tíì wò ó. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá ó wá sí gbọ̀ngàn láti ibi ṣífùtì òru, ó rò pé wọ́n ti tún ibẹ̀ ṣí. Mo bá a lórí àtẹ̀gùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ikùn. Ó ní, "Àǹtí Ọmọ́táyọ̀, wọ́n ní nítorí orúkọ ni wọ́n ṣe tì í." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Orúkọ ta ni?"

Ìbúra tí mo bá ọ ṣe ló dí mi lẹ́nu, ojú obìnrin yẹn ni mo sì ń wò.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ. O ń bẹ̀rù ibi iṣẹ́. O ti kúrò ní ọ́fíìsì yẹn láti ọdún márùn-ún, wọn ò lè lé ọ kúrò níbi tí o kò sí. Ìwé ìgbélùú rẹ ti di ti gbére, èmi ni mo bá ọ jẹ ìrẹsì ọjọ́ náà. Àṣírí iṣẹ́ ńkọ́? N kò béèrè nọ́ńbà àkáǹtì, n kò béèrè iye owó ẹnikẹ́ni. Ohun tí ìwọ fúnra rẹ ṣe ni mo ní kí o sọ. Ohun tó kù ni ìtìjú, pé o ti di díákónẹ́ẹ̀sì, pé Gbénga yóò fún ọ lórúkọ. Yóò fún ọ. Àǹtí Tábìlì ló ń pe èmi báyìí, mo sì ń jẹ́ ẹ. Orúkọ tí wọ́n fi ń ṣeni ní yẹ̀yẹ́ kò tíì pa ẹnikẹ́ni rí, ṣùgbọ́n n kò lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ohun tó wà nínú ikùn tí ẹnikẹ́ni kò wò.

Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ nìyí. Ìwé kan wà nínú àpòòwé yìí. Mo ti kọ ìdajì òkè rẹ̀: pé èmi ni mo ṣe tábìlì, pé n kò yẹ̀ ẹ́ wò, pé mo fi ìkánjú ba ènìyàn gidi jẹ́. Mo ti fọwọ́ sí i. Ìdajì ìsàlẹ̀ ṣófo, tìrẹ ni. Ìlà mẹ́ta ti tó: ọdún tí o tẹ orúkọ náà, bí o ṣe tẹ̀ ẹ́, àti pé ẹnì kan ni wọ́n. N kò ní kí o dá nìkan dúró. Orúkọ mi ló máa kọ́kọ́ gba òkúta kí tìrẹ tó gbà á.

Ọjọ́ Ẹtì yìí, agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, màá dúró lẹ́nu ọ̀nà ibi iṣẹ́ rẹ ní Bolton láti gbà á. Má fi ránṣẹ́, má ní o ṣì ń ronú, má gba ẹ̀yìn jáde. Ìbúra tí mo bá ọ ṣe, agogo márùn-ún yẹn ló parí. Bí ìwé náà bá ṣófo, èmi ni màá sọ ọ́ ní ọjọ́ Àìkú ní agogo mẹ́ta, lójú Alàgbà, lójú Dókítà, lójú Mọ́láyọ̀, lẹ́yìn náà a ó wo bí ìbádọ́rẹ̀ẹ́ wa yóò ṣe rí. Mo fẹ́ kó jẹ́ ẹnu rẹ ni Dókítà ti gbọ́ ọ. Ó tọ́ sí i.

Bá mi kí Bùọ̀dá Adémiládé, sọ fún wọn pé kí wọ́n má gbé ohun tó wúwo. Bá mi kí Tèmi, mo ní kó fi fóònù sílẹ̀. Bí o bá pe Abẹ́òkúta, bá mi kí Màmá, kí o sì béèrè lọ́wọ́ wọn ohun tí wọ́n máa ń ṣe fún ẹni tó bá bo àṣírí ọmọ wọn.

Bí o bá fẹ́ fọwọ́ sí ìwé náà, kọ orúkọ rẹ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ níhìn-ín: tìrẹ ṣíwájú, ti bàbá tẹ̀ lé e.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò lè dákẹ́ mọ́,
Ọmọ́táyọ̀ Ẹ̀hìndé.